Ọ̀bọ Kọ́ Ló Bí Wa, Ṣùgbọ́n Ìbátan Wa Ni

Ní oṣù tó kọjá, bàbá kan fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ àwa òbí Yorùbá àdúgbò wa ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní ilé-ìwé ọmọ òun kọ̀wé sílé pé àwọn ọmọ Year 6 máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ẹfolúṣọ̀n ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ o. Wọ́n fẹ́ kọ́ ọmọ wa pé ọ̀bọ ló bí i. Ọmọ tèmi ò ní í lọ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ pe ilé-ìwé, ẹ ní ara rẹ̀ ò yá." Kí n tó gbọ́ ọ tán, "Àmín" ti kún ilẹ̀. Ẹnì kan ní ká fi àdúrà sí i. Ẹlòmíràn ní Yorùbá kì í ṣe ọmọ ọ̀bọ, ọmọ Odùduwà ni wá. Èmi náà fẹ́ fèsì, mo tẹ̀ ẹ́, mo pa á rẹ́, mo tún tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà gùn ju ohun tí èèyàn lè kọ sórí WhatsApp lọ. Ìdí nìyí tí mo fi gbé e wá síbí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí kí ó má bàa dà bíi pé mò ń yí i po. Mo gbà pé bàbá yẹn ṣi ọmọ rẹ̀ lọ́nà. Mo gbà pé àwa tó ṣe "Àmín" bá a ṣi í lọ́nà. Mo sì gbà pé ìbínú tó mú un sọ̀rọ̀ ní gbòǹgbò gidi, a ò lè fi ẹ̀rín pa á tì. Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo fẹ́ tú palẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí irọ́ kékeré tó wà nínú ìmọ̀ràn yẹn. Láti 2014 ni ẹ̀kọ́ ẹfolúṣọ̀n ti wà nínú ìlànà ẹ̀kọ́ Year 6 ní Ẹ́ńgíláǹdì. Sáyẹ́ǹsì ni. Òfin ibí fún òbí láyè láti yọ ọmọ rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀kọ́ ìsìn, kò fún un láyè láti yọ ọ́ kúrò nínú sáyẹ́ǹsì. Bàbá yẹn mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ní ká sọ pé ara ọmọ ò yá. Nítorí pé a fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀kọ́ tí a ní kì í ṣe òótọ́, a wá kọ́ ọ ní irọ́ pípa, a tún ṣe "Àmín" sí i. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ ní ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Ọjọ́ tí òótọ́ bá bá eléyìí, ọmọ náà á ti wọ yunifásítì, á ti mọ ohun tí bàbá rẹ̀ fi pamọ́ fún un, á sì máa bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló tún kù tí wọ́n parọ́ rẹ̀ fún òun. Bíbélì àti Kùránì pàápàá lè bá a lọ nínú ìbéèrè yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń dáàbò bo ìgbàgbọ́ ọmọ yín, ẹ ronú sí èyí dáadáa.

Ó kan ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọmọ gan-an. Kò sí olùkọ́ kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí á sọ pé ọ̀bọ ló bí èèyàn. Ẹ wo ẹbí yín. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ kọ́ ló bí ọ. Àmọ́ tí ẹ bá tọpa ẹ̀jẹ̀ lọ sẹ́yìn, ẹ máa bá bàbá àgbà kan tó bí ìwọ àti òun. Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ní fún un dára ju ti Òyìnbó lọ: alájọbí. Ohun tí ẹ̀kọ́ yìí ń sọ ni pé èèyàn àti ìnàkí ní alájọbí kan tó gbé ayé ní nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà sí méje ọdún sẹ́yìn. Alájọbí yẹn kì í ṣe ìnàkí, kì í sì í ṣe èèyàn. Àwọn ọmọ rẹ̀ pín sí ọ̀nà méjì, ọ̀nà kan dé ọ̀dọ̀ wa, èkejì dé ọ̀dọ̀ ìnàkí. Nínú DNA tí a lè fi wé ara wọn, nǹkan bíi 98 tàbí 99 nínú ọgọ́rùn-ún ló dọ́gba láàárín àwa àti wọn. Alájọbí àwa àti ọ̀bọ jìnnà jùyẹn lọ. Ti àwa àti ewúrẹ́ tún jìnnà sí i. Ti àwa àti ẹja, ó jìnnà kọjá kí ẹnu lè ròyìn. Àmọ́ ó wà. Ẹ wo egungun ẹ̀yìn yín, ẹ wo ti ẹja inú àwo ọbẹ̀.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ: "Àfiwé yìí gan-an ni àbùkù. A kì í fi èèyàn wé ọ̀bọ." Ó dáa. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni à ń pe ìbejì? Ẹdun. Ọ̀bọ orí igi ni ẹdun, ọ̀bọ gidi, onírù gígùn. Àwa Yorùbá, tí kò sí ẹ̀yà mìíràn lágbàáyé tó ń bí ìbejì tó wa, ni a mú orúkọ ọ̀bọ, tí a fi ṣe oríkì fún ọmọ tí a fẹ́ràn jù. Ìyá ìbejì ń jó kiri ọjà, ó ń pe ọmọ rẹ̀ ní ẹdun, kò sí ẹni tó ní ó bú u. Mo mọ ìdílé méjì nínú ẹgbẹ́ WhatsApp yẹn tó bí ìbejì. Wọ́n ṣe "Àmín". Nígbà wo ni ọ̀bọ wá di èébú lẹ́nu wa? Ta ló kọ́ wa?

Ibi tí gbòǹgbò ìbínú náà wà nìyẹn, mi ò sì fẹ́ fojú kéré rẹ̀. Ní 1906, wọ́n gbé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ota Benga, ọmọ Kóńgò, sínú àgò ní ilé àwọn ọ̀bọ nínú ọgbà ẹranko Bronx ní New York. Wọ́n fi orangutan kan tì í, kí àwọn èèyàn wá máa wò wọ́n pọ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló wá. Àwọn pásítọ̀ dúdú ló dìde jà fún un títí wọ́n fi yọ ọ́ jáde, àwọn náà sì gbà pé ẹ̀kọ́ Darwin wà lára ohun tó fa ìwà ìkà yẹn. Ní 1916, Ota Benga fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Títí di òní, wọ́n ń ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí àwọn agbábọ́ọ̀lù wa nínú pápá ní Yúróòpù, wọ́n ń ké bí ọ̀bọ. Bàbá inú WhatsApp yẹn ti gbé orílẹ̀-èdè yìí fún ogún ọdún ó lé. Mo dájú pé wọ́n ti pè é ní ọ̀bọ rí, bóyá nínú bọ́ọ̀sì, bóyá lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ilé-ìwé ọmọ rẹ̀, ọgbẹ́ yẹn ni wọ́n tẹ̀. Òun kọ́ ni mò ń bá jà. Ohun tí ọgbẹ́ náà mú un gbà gbọ́ ni mò ń bá jà.

Nítorí pé àwọn tó ti Ota Benga mọ́ àgò kò mọ ẹ̀kọ́ yìí. Àkàsọ̀ ni wọ́n gbé kalẹ̀: ọ̀bọ nísàlẹ̀, èèyàn dúdú láàárín, Òyìnbó lókè téńté. Ẹfolúṣọ̀n kò ní àkàsọ̀. Igi ló ní, igi tó yọ ẹ̀ka sí ibi gbogbo, tí gbogbo ẹ̀ka tó wà láàyè lónìí sì dé òkè lọ́jọ́ kan náà. Ọjọ́ tí Òyìnbó fi jìnnà sí ìnàkí náà ni ìwọ fi jìnnà sí i, kò fi ìṣẹ́jú kan dín, kò fi ìṣẹ́jú kan lé. Tí wọ́n bá ní ọ̀bọ ni ìbátan rẹ, ìbátan ọba Ẹ́ńgíláǹdì ni. Ẹni tó bá fi ẹ̀kọ́ yìí bú ọ, ara rẹ̀ ló bú.

Ó kù o. Ibo ni èèyàn ti bẹ̀rẹ̀? Áfíríkà ni. Ní 1871 ni Darwin ti kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà ni àwọn baba ńlá aráyé ti jáde, nítorí pé ibẹ̀ ni ìnàkí wà. Ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n Òyìnbó kò fẹ́ gbọ́ ọ nígbà náà, wọ́n ń wá baba ńlá wọn kiri Éṣíà àti Yúróòpù. Ilẹ̀ ló dá Darwin láre. Egungun èèyàn bíi tiwa tí wọ́n hú ní Jebel Irhoud ní Mòrókò ti tó nǹkan bíi 300,000 ọdún. Ìyàtọ̀ àbùdá tó wà láàárín àwọn ọmọ Áfíríkà nìkan pọ̀ ju ti gbogbo aráyé yòókù lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wa ló jáde lọ di Òyìnbó, Íńdíà àti Ṣáínà, àwọn tó kù jókòó sílé. Ẹ̀ka ni wọ́n. Ilé ni gbòǹgbò wà.

Nílé tiwa gan-an ńkọ́? Nítòsí Ìsàrun, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ihò àpáta kan wà tí wọ́n ń pè ní Ihò Eléérú. Ní 1965, Thurstan Shaw àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ hú egungun èèyàn kan níbẹ̀ tó ti lé ní 11,000 ọdún. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tún agbárí rẹ̀ yẹ̀ wò, tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2011, wọ́n rí i pé ìrísí rẹ̀ jọ ti àwọn èèyàn tó ti gbé ayé ṣáájú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún. Ìtàn èèyàn ní ilẹ̀ wa kò lọ tààrà bí a ṣe rò. Ọmọ mélòó nínú àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù, Houston tàbí Toronto ló ti gbọ́ orúkọ Ihò Eléérú rí? Ohun tí bàbá yẹn ní kí ọmọ rẹ̀ má lọ gbọ́ nìyẹn.

Ọwọ́ èèyàn dúdú pàápàá wà nínú bí iṣẹ́ Darwin ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Edinburgh, kó tó pé ọmọ ogún ọdún, ọkùnrin dúdú kan ló kọ́ ọ bí a ṣe ń tọ́jú òkú ẹyẹ kí ó má bàa jẹrà. John Edmonstone ni orúkọ ọkùnrin náà. Ẹrú ni tẹ́lẹ̀ ní Guyana kó tó gba òmìnira. Ìmọ̀ ọwọ́ yẹn ni Darwin gbé wọ ọkọ̀ ojú omi tó fi yí ayé po. Ọkọ̀ yẹn gúnlẹ̀ sí Bahia ní Bràsíl ní 1832. Ẹ mọ àwọn tó wà ní Bahia nígbà náà. Àwọn èèyàn wa ni, àwọn tí wọ́n ń pè ní Nagô, tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Yorùbá. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1835, àwọn Mùsùlùmí inú wọn gbé ìjà Malê dìde ní ìlú yẹn kan náà. Darwin rí oko ẹrú ní Bràsíl, ó kórìíra rẹ̀ títí ó fi bá ọ̀gá ọkọ̀ rẹ̀ jà lórí ọ̀rọ̀ náà. Mi ò sọ ọ́ di ẹni mímọ́ o. Òun náà kọ ọ̀rọ̀ àbùkù nípa àwọn tó pè ní ará igbó, ojú ayé ìgbà rẹ̀ wà lójú rẹ̀. Àmọ́ a kì í torí ẹnu ẹni tó gbé àtùpà wá ká jókòó sínú òkùnkùn.

Ẹ̀yin ará ìhà kejì, ẹ má rẹ́rìn-ín jìnnà, mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ lórí Facebook pé "Ifá ti sọ gbogbo èyí kí wọ́n tó bí Darwin." Mo bọ̀wọ̀ fún Ifá. Ìdí tí mo fi ń bọ̀wọ̀ fún un ni mi ò fi ní í sọ ọ́ di ìwé sáyẹ́ǹsì tí à ń fi ẹ̀yìn ọjọ́ kà. Gbogbo ìgbà tí Òyìnbó bá ti rí nǹkan tán ni ẹ tó ń rí i nínú Ifá. Kí ló dé tí ẹ kì í rí i ṣáájú? Ohun tí àwọn baba wa mọ̀ nípa ẹranko pọ̀, ó sì tó ṣògo fún láìfi irọ́ kún un. Ẹ tẹ́tí sí àwọn oníjàálá: ọdẹ tó kì wọ́n mọ ìrìn ẹranko, ó mọ oúnjẹ rẹ̀, ó mọ ohùn rẹ̀ lóru. Àmọ́ ojú ni ọdẹ fi ń wò. Ohun tí ojú kò lè rí, a gbọ́dọ̀ wá irinṣẹ́ mìíràn fún un.

Ẹ wo erinmi. Àwọn baba wa rí i bó ṣe tóbi, bí awọ rẹ̀ ṣe nípọn, wọ́n ní erin inú omi ni. Orúkọ náà dùn, ojú tó sọ ọ́ kò sì fọ́. Ṣùgbọ́n erinmi kì í ṣe ìbátan erin tó súnmọ́ ọn. Nínú gbogbo ẹranko tó wà láàyè lónìí, ẹni tó bá erinmi tan jù ni àbùùbùtán inú òkun. Bẹ́ẹ̀ ni, àbùùbùtán tí kì í gun òkè. Ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni baba ńlá rẹ̀. Ní Pakísítáánì ni wọ́n ti rí egungun Pakicetus, ẹranko tó fi ẹsẹ̀ mẹ́rin rìn lẹ́bàá omi ní nǹkan bí àádọ́ta mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, àmọ́ tí egungun etí rẹ̀ ti jọ ti àbùùbùtán. Díẹ̀díẹ̀, láti ìran dé ìran, ọwọ́ di àjẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn súnkì títí ó fi wọ inú ara lọ. Títí di òní, egungun ìbàdí kékeré ṣì wà nínú ẹran ara àbùùbùtán, kò sì fi rìn.

Erin wá ńkọ́, ta ni ìbátan rẹ̀? Òfàfà. Ẹranko kékeré orí igi yẹn, tí kò ju ehoro ńlá lọ, tó máa ń fi òru ké bí ẹni tí wọ́n ń pa. Ẹni tó bá rí erin tó rí òfàfà kò ní í gbà. Egungun gbà, DNA náà gbà. Àdán sì ńkọ́, tí a ní kò ṣe eku kò ṣe ẹyẹ? Òótọ́ ni, kò ṣe ọ̀kankan. Oríṣi àdán tó wà láyé tó nǹkan bíi 1,400, ó tó ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ẹranko tó ń fún ọmọ lọ́mú. Ó bá ẹṣin àti ajá tan ju bó ṣe bá eku tan lọ. Eku ẹ̀wẹ̀, àwa èèyàn ni ó súnmọ́ jù nínú àwọn tí mo dárúkọ yìí. Ẹ gbà mí o! Eku tó ń jẹ ẹ̀gúsí yín nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ìbátan yín ni ju bó ṣe jẹ́ ti àdán lọ. Sé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ yìí dùn? Ṣé irú èyí ló yẹ ká ti ọmọ mọ́lé nítorí rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n wá sí ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ kò gba ẹfolúṣọ̀n gbọ́, ẹ gbà á gbọ́. Ẹ̀jẹ̀ yín ni ẹ fi gbà á. Kò sí pásítọ̀ kan nínú ìjọ tí mo mọ̀ tó máa so ọkọ àti ìyàwó pọ̀ láìbéèrè jẹnotáìpù. AA ni ẹ́ àbí AS? Kí ló fà á tí ìbéèrè yẹn fi pọ̀ lọ́dọ̀ wa tó bẹ́ẹ̀, tí ó jẹ́ pé tí a bá ka ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, bí ọ̀kan nínú wọn á jẹ́ AS? Ẹ̀fọn ni.

Fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún ni ibà ń pa àwọn ọmọdé wa. Ọmọ tó jẹ́ AA, ibà a máa tètè gbé e lọ. Ọmọ tó jẹ́ SS, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á tẹ̀ bí dòjé, àìsàn fòníkú-fọ̀ládìde á gbé e lọ. Ọmọ tó jẹ́ AS kò ní àìsàn náà, ibà tó le kì í sì í tètè rí i mú. Òun ló dàgbà, òun ló bímọ, òun ló fi S sílẹ̀ fún ìran tó ń bọ̀. Kò sí ẹni tó jókòó tó yàn án. Ẹni tó kú kò bímọ, ẹni tó kù bímọ. Ìdí ẹfolúṣọ̀n kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1954, Anthony Allison, Òyìnbó tó dàgbà ní Kẹ́ńyà, fi ẹ̀rí èyí hàn láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìlà Oòrùn Áfíríkà: ibi tí ibà bá ti pọ̀ ni S ti pọ̀. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ, bí ọmọ dúdú kan nínú mẹ́tàlá ló kù tó jẹ́ AS. Ìdàpọ̀ ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ àìsí ibà náà wà níbẹ̀.

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹbí tó ń jẹ́ Kòkúmọ́. Mẹ́ta ni wọ́n bí tó kú kí wọ́n tó bí i. Wọ́n kọ òkú ẹni kẹta nílà kí wọ́n tó sin ín, kí ó má bàa padà wá. Àbíkú, wọ́n ní. Ìyá Kòkúmọ́ gbé ojú tì í dé ọjọ́ ikú rẹ̀, nítorí pé àwọn ará ilé ọkọ ní òun ló mọ ibi tí àwọn ọmọ náà ń lọ. Nígbà tí Kòkúmọ́ fẹ́ gbéyàwó, ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò: AS ni. Ó sọ fún mi pé òun jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé ìwòsàn, òun sunkún. Kì í ṣe nítorí ara òun. Nítorí ìyá rẹ̀ tó ti kú, tí kò sẹ́ni tó lè sọ fún un mọ́ pé kò jẹ̀bi. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a pè ní àbíkú, SS ni wọ́n. Mi ò lè búra fún ti àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn, kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Àmọ́ ìmọ̀ yìí ló mú kí Kòkúmọ́ mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi ìyàwó rẹ̀. AA ni ìyàwó náà. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí, wọ́n sì wà láàyè.

Ẹ wá ní kí ọmọ má lọ sí kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ yìí?

Ẹ rántí kolorokúìnì náà. Àwa tí a dàgbà nílé mọ kíkorò rẹ̀, a mọ bó ṣe ń yún wá lára. Ó ṣiṣẹ́ nígbà kan. Nígbà tó yá, kò ṣiṣẹ́ mọ́, Nàìjíríà sì yí padà sí oògùn mìíràn ní 2005. Kòkòrò ibà tí kolorokúìnì kò lè pa ló kù, òun ló sì bí àwọn tó tún wà. Ẹ̀fọn náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí oògùn tí wọ́n ń fi sára nẹ́ẹ̀tì. Ojú ayé wa ni ẹfolúṣọ̀n ti ń ṣẹlẹ̀, ó ń ná wa lówó, ó ń pa wá lọ́mọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ mọ bí ọ̀tá rẹ̀ ṣe ń yípadà, ọ̀tá náà kò ní í dúró dè é.

"Ṣùgbọ́n tíọ́rì lásán ni." Tíọ́rì ni pé kòkòrò àìfojúrí ló ń fa àìsàn. Ẹ ṣì ń fọwọ́ kí ẹ tó jẹun. Lẹ́nu onísáyẹ́ǹsì, tíọ́rì kì í ṣe àbá. Àlàyé ni, èyí tí wọ́n ti fi ẹ̀rí gbógun tì fún ọ̀pọ̀ ọdún tí kò wó.

"Ṣé kí a kọ Ọlọ́run sílẹ̀ ni?" Ta ló ní ká kọ̀ ọ́? Ní 1996, Póòpù John Paul Kejì sọ ọ́ pé ẹfolúṣọ̀n ti kúrò ní àbá lásán. Francis Collins, tó darí iṣẹ́ ńlá tí wọ́n fi ka gbogbo àbùdá èèyàn, Kristẹni tó gbàgbọ́ gidi ni. Èmi náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, orin ni mò ń kọ níbẹ̀. Ọlọ́run tí mo mọ̀ kò kéré tó ẹni tí ọmọ ọdún mẹ́wàá máa fi ìwé sáyẹ́ǹsì lé kúrò lórí ìtẹ́. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé òótọ́ kan máa pa Ọlọ́run òun, ẹ jẹ́ kó tún Ọlọ́run náà wò.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí wọ́n máa ń fi kún un: "Yorùbá kò gbé irú ẹ̀kọ́ yìí, Òyìnbó ló ni ín." Láti òkè dé ibí, kí ni mo fi ń kọ ọ́? Mo lo alájọbí, mo lo ìran, mo lo ẹ̀ka àti gbòǹgbò. Àwọn ọ̀rọ̀ tí kò sí, a yá wọn, bí a ṣe yá ṣọ́ọ̀bù àti bọ́ọ̀lù. Èdè tó lè ki erin láti àárọ̀ dé alẹ́ lè sọ ibi tí erin ti wá. Àwa òbí ni a kì í sọ ọ́. A máa ń fi Yorùbá bá ọmọ wí, a máa ń fi pè é wá jẹun, tó bá wá béèrè ìdí tí ọ̀bọ fi ní ọwọ́ bíi tiwa, a sáré bọ́ sínú Òyìnbó, tàbí ká ní kó pa ẹnu mọ́. Lẹ́yìn náà ni a máa ń ráhùn pé ọmọ kò gbọ́ Yorùbá. Kí ni ó fẹ́ fi gbọ́ ọ ṣe, nígbà tí kò sí ohun kan tó wù ú láti mọ̀ tí a máa sọ fún un nínú rẹ̀? Ọmọ tí a kò kọ́ ni í gbé ilé tí a kọ́ tà. Èdè náà ilé ni.

Mo ní àbá kan, kò sì náni lówó. Ẹ̀yin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ sí Natural History Museum ní ọjọ́ Sátidé. Ọ̀fẹ́ ni. Tí ẹ bá wọ gbọ̀ngàn ńlá, ẹ gbójú sókè. Egungun àbùùbùtán aláwọ̀ búlúù kan wà tí wọ́n fi kọ́ síbẹ̀ láti 2017. Ẹ ní kí ọmọ wo àjẹ̀ rẹ̀. Kó wo egungun apá níbẹ̀, kó wo ọrùn ọwọ́, kó wo àwọn ìka. Lẹ́yìn náà, kó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹ fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n, kí ẹ jọ ka ohun tó wà lára ògiri. Àwọn tó wà ní ìlú mìíràn, ẹ ní mùsíọ́mù tiyín.

Mo fi èsì ránṣẹ́ sí bàbá yẹn níkẹyìn, ní kọ̀rọ̀, kì í ṣe lójú gbogbo ẹgbẹ́. Mo pè é ní ẹ̀gbọ́n, nítorí ẹ̀gbọ́n mi ni. Mo béèrè jẹnotáìpù ọmọ rẹ̀. Ó fèsì kíákíá: AS. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ kó mọ ìdí?" Ó ti kà á. Kò tíì dáhùn. Ọjọ́ Túsìdeè ni kíláàsì náà.